Èsì: Bí ìgbàgbọ́ bá ń ti inú gbígbọ́ wá, kí ni Jákọ́bù ń bá wa wí sí?

Ẹ kú ìbéèrè, arákùnrin wa. Ẹ ní Pọ́ọ̀lù kọ ọ́ nínú Róòmù 10:17 pé nípa gbígbọ́ ni ìgbàgbọ́ ti ń wá, ẹ sì fẹ́ mọ ìdí tí Jákọ́bù 1:22 fi sọ pé ẹni tó ń gbọ́ lásán ń tan ara rẹ̀ jẹ. Àwọn méjèèjì kò ta ko ara wọn, nítorí Pọ́ọ̀lù yìí kan náà ló sọ nínú Róòmù 2:13 pé kì í ṣe àwọn olùgbọ́ òfin ni olódodo níwájú Ọlọ́run, bí kò ṣe àwọn olùṣe rẹ̀.

Ibi tó yẹ ká fara balẹ̀ wò ni Mátíù 7:24-27. Àwọn ọkùnrin méjèèjì tó kọ́lé níbẹ̀ ló gbọ́ ọ̀rọ̀ Jésù, òjò àti ìkún omi sì dé bá ilé àwọn méjèèjì. Lúùkù 6:48 wá fi kún un pé ẹni tí ilé tirẹ̀ dúró walẹ̀ jìn kó tó fi ìpìlẹ̀ sọlẹ̀ lórí àpáta. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni pé ẹni tí ilé rẹ̀ wó kì í ṣe aláìgbọ́; ó gbọ́, àmọ́ kò ṣe ohun tó gbọ́.

Ní ti ohun tí ṣíṣe jẹ́ gan-an, Jákọ́bù kò fi pa mọ́ fún wa: ní orí 2:15-16, bí arákùnrin kan kò bá láṣọ, tí kò sì ní oúnjẹ òòjọ́, tí a wá ní kó máa lọ ní àlàáfíà láì fún un ní nǹkan kan, a kò tíì ṣe é lóore kankan.