Wúrà ọkọ̀ San José: ta ló ni ín, ta ló sì wà á?

ÌBÉÈRÈ: Mààmi, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ kùsà ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe ní agbègbè Ìjerò níbí. Lálẹ́ ọjọ́ kan a gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n rí ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Sípéènì kan tó rì láyé ọjọ́un, pé wúrà kún inú rẹ̀, àti pé àwọn orílẹ̀-èdè ti ń du ú mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní irọ́ ni. Ṣé òótọ́ ni? Ta ló ni wúrà náà? Bí Sípéènì bá sì ní wúrà tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kì í ṣe òun ló lówó jù láyé lónìí? (Ọmọ Kùsà, Ìjerò-Èkìtì)

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé òótọ́ ni. San José lorúkọ ọkọ̀ náà. Ọdún 1698 ni wọ́n kàn án tán ní ilẹ̀ àwọn Basque, ní àríwá Sípéènì. Ọkọ̀ ogun onígbòkun ni, àgbá 64 ló gbé sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ ọmọ ní ìtàn, mi ò mọ ọkọ̀ mìíràn tí ìtàn ilẹ̀ ọba kan ṣe kó jọ sínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ní 1708, ogun ń lọ lọ́wọ́ ní Yúróòpù lórí ẹni tí yóò jọba Sípéènì. Philip Karùn-ún, ọmọ-ọmọ ọba Faransé, ló wà lórí oyè, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò sì fẹ́ ẹ níbẹ̀. Owó ogun ti tán lọ́wọ́ ọba, ó sì ti tó ọdún mélòó kan tí ẹrù láti Amẹ́ríkà ti wọlé kẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni San José ṣe lọ kó ẹrù ní Portobelo, ní etíkun Panama, níbi tí àwọn oníṣòwò Perú ti máa ń bá ti Sípéènì pàdé. Wúrà, fàdákà àti òkúta iyebíye ni wọ́n kó sí i. Cartagena, ní ilẹ̀ tó di Kòlóńbíà lónìí, ni ọkọ̀ náà fẹ́ kọ́kọ́ yà sí.

Kò débẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà, Charles Wager, ọ̀gágun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan, ti lúgọ dè é lẹ́bàá erékùṣù Barú. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yin àgbá lu ara wọn. Kí òkùnkùn tó kùn dáadáa, San José bú gbàù, ó sì rì. Nǹkan bíi 600 èèyàn ló wà nínú rẹ̀, àwọn tó yè kò pé ogún. Fún ìgbà pípẹ́ ni mo fi máa ń ka iye wúrà náà fún àwọn ọmọ kíláàsì mi láìka iye òkú. Ọmọbìnrin kan ló dìde lọ́jọ́ kan tó bi mí pé, "Mà, àwọn èèyàn inú rẹ̀ ńkọ́?" Láti ọjọ́ náà, òkú ni mo ń kọ́kọ́ kà.

Wager kò rí nǹkan kan mú nínú ìṣúra San José. Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ ńlá tó bá San José rìn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sá wọ Cartagena. Èyí tó mú, ẹrù inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Méjì nínú àwọn ọ̀gá ọkọ̀ rẹ̀ ni wọ́n sì yọ nípò lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ ológun dá wọn lẹ́bi pé wọn kò lépa ọ̀tá bó ṣe yẹ.

San José wà nísàlẹ̀ òkun níbẹ̀ fún ọdún tó lé ní ọgọ́rùn-ún mẹ́ta. Ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá 2015 ni ẹ̀rọ kan tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀ rí i, ní nǹkan bíi 600 mítà sí ojú omi. Bí o bá to ọgọ́ta òpó iná lé ara wọn lórí, wọn kò tíì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwòrán ẹja dolphin tí wọ́n fín sára àgbá bàbà rẹ̀ ni wọ́n fi dá a mọ̀. Wọ́n tún ya àwòrán owó wúrà nílẹ̀ níbẹ̀, owó tí wọ́n rọ ní Lima, ní Perú, ní 1707. Òpó méjì àti ìgbì òkun ló wà lára rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí "síwájú sí i". Ohun tí ọba Sípéènì fi ń yangàn nìyẹn: pé òkun kò lè dá òun dúró.

Wàyí o, ta ló ni ín? Kòlóńbíà ní inú omi òun ló wà, ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè òun sì ni. Sípéènì ní ọkọ̀ ogun ọba òun ni, pé ọkọ̀ ogun tó rì kì í bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni àsíá rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan ní àwọn ti tọ́ka sí ibẹ̀ láti nǹkan bí 1981, wọ́n sì pe Kòlóńbíà lẹ́jọ́ pé kó san dọ́là bílíọ̀nù mẹ́wàá. Lẹ́yìn gbogbo wọn ni àwọn ẹ̀yà Qhara Qhara dìde láti orí òkè Bòlífíà, tí wọ́n ní àwọn baba ńlá àwọn ni wọ́n fi túláàsì kó lọ wa ìṣúra náà.

Ti àwọn tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn yìí ló wọ̀ mí lára jù, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ìwọ tó ń wa kùsà dúró sí díẹ̀.

Òkè kan wà ní ìlú Potosí, ní Bòlífíà, tí wọ́n ń pè ní Cerro Rico, ìyẹn òkè ọlọ́rọ̀. Àwa ọmọ Èkìtì mọ òkè. Abẹ́ Olóṣuntá ní Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n bí mi sí, òun ni mo sì ń kọ́kọ́ rí bí ilẹ̀ bá ti mọ́. Ṣùgbọ́n ìlú Potosí fúnra rẹ̀ ga ju òkun lọ ní nǹkan bíi 4,000 mítà, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé àlejò á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Fàdákà ni wọ́n rí nínú òkè yẹn ní 1545. Ní àwọn ọdún 1570, Francisco de Toledo, ajẹ́lẹ̀ ọba Sípéènì ní Perú, gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní mita: kí àwọn ìletò tó wà lábẹ́ rẹ̀ máa yọ ìdá kan nínú méje àwọn ọkùnrin wọn lọ́dọọdún fún iṣẹ́ kùsà. Nǹkan bíi 13,000 ọkùnrin ni wọ́n ń kó lọ́dún. Mo mọ̀ọ́mọ̀ pè é ní ajẹ́lẹ̀ ni, torí Èkìtì mọ ohun tí ajẹ́lẹ̀ ń jẹ́. Ìwà àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn nínú ìlú wa wà lára ohun tó dá ogun Kírìjì sílẹ̀ ní 1877.

Ní Potosí, wọ́n ń pọn òkúta sẹ́yìn gun àkàbà jáde láti inú ihò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á pò ó mọ́ mẹ́kúrì, irin tó ń ṣàn bí omi, kí fàdákà lè yọ. Májèlé ni mẹ́kúrì: ọwọ́ á máa gbọ̀n, eyín á máa yọ. Láti Huancavelica ní Perú ni wọ́n ti ń gbé e wá, túláàsì ni wọ́n sì fi ń wa òun náà. Fàdákà á wá gun ẹ̀yìn ẹran llama àti ìbaaka dé etíkun, á wọ ọkọ̀ dé Panama, á tún gun ìbaaka kọjá sí Portobelo. Ètò mita yìí kò dópin títí di 1812.

Bàbá mi lọ wa wúrà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ní ìhà Ìtàgúnmọ́dì, kí wọ́n tó bí mi, nígbà tí òyìnbó ń wà á níbẹ̀. Inú odò ni wọ́n ń dúró sí, omi á mù wọ́n dé orúnkún, wọ́n á máa fi igbá fọ yanrìn láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Títí ó fi kú, orúnkún rẹ̀ ló fi ń mọ̀ bí òjò bá fẹ́ rọ̀. Nígbà tí mo ṣègbéyàwó ní 1979, òrùka fàdákà ni ọkọ mi rà, bàbá mi sì gbà á wò, ó yí i sọ́tùn-ún sósì, ó ní, "Èmi ò mú ti wúrà wálé rí." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

O bi mí pé níbo ni owó Sípéènì wọlẹ̀ sí. Ìdá kan nínú márùn-ún ni ọba ń gbà fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ ni ọba ti jẹ owó náà tán ní gbèsè lọ́wọ́ àwọn olówó Genoa ní Ítálì àti ti Jámánì, torí ogun lọ́tùn-ún, ogun lósì. Philip Kejì, ọba Sípéènì láyé ìgbà náà, sọ pé òun kò lè san gbèsè ní 1557, ní 1575, ó tún sọ ọ́ ní 1596, bẹ́ẹ̀ fàdákà Potosí ń wọlé nígbà náà bí òjò. Ohun mìíràn tún wà. Ká ní gbogbo ará Adó jí lówùúrọ̀ ọ̀la pẹ̀lú owó ìlọ́po mẹ́rin lápò, tí iṣu ọjà ọba kò sì lé ẹyọ kan. Iye tí wọ́n á ta iṣu náà nìkan ni yóò yí padà. Ó ṣẹlẹ̀ sí Sípéènì gan-an. Ọjà gbówó lórí níbẹ̀ ju ibòmíràn lọ, aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ wá ń ti ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn wá, fàdákà sì ń tẹ̀ lé owó aṣọ lọ. Púpọ̀ nínú rẹ̀ dé China. Ife tánńganran China wà lára ohun tí wọ́n rí nílẹ̀ òkun lẹ́gbẹ̀ẹ́ San José.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí rédíò lè má sọ. Cartagena tí ọkọ̀ yẹn ń lọ ni ọ̀kan nínú èbúté tí wọ́n ti ń ta ẹrú láti Áfíríkà jù lọ ní ilẹ̀ Sípéènì lókè òkun. Nígbà tí ogun tó pa San José parí ní 1713, ara ohun tí Gẹ̀ẹ́sì gbà níbi àdéhùn ni àṣẹ láti máa kó ẹrú 4,800 lọ sí àwọn ilẹ̀ Sípéènì lọ́dọọdún fún ọgbọ̀n ọdún. Cuba wà lọ́wọ́ Sípéènì títí di 1898, ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn èèyàn wa lọ tí wọ́n ń pè wọ́n ní Lukumí. Ìlẹ̀kẹ̀ àti orin òrìṣà wa ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ẹni tó ni wúrà San José, mo máa ń ní kó kọ́kọ́ ka àwọn tó wà á sára àwọn tó ni ín. Kòlóńbíà ní ohun ìtàn lòun kà á sí, pé òun kò ní tà á. Èyí tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ́ ilé fún un, mo fẹ́ kí orúkọ Potosí wà lẹ́nu ọ̀nà.

Kí ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ má wọ ihò lẹ́yìn òjò, ẹ sì fi igi tì í dáadáa. Nígbà tí o bá tún kọ̀wé sí mi, sọ fún mi: òkúta tí ẹ bá wà jáde ní Ìjerò, ta ló ń wọ̀n ọ́n, ta ló sì ni òṣùwọ̀n náà?