Mo kọ̀wé fiṣẹ́ panápaná sílẹ̀ nígbà tí itan mi ṣẹ́: ṣé wọ́n lè gbà mí padà?

ÌBÉÈRÈ: Òkun o, ẹ̀gbọ́n wa. Ìyàrà ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Ọdún 11 ni mo fi ṣiṣẹ́ panápaná lábẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Kogí. Níbi tí a ti ń paná ọjà lóru ọjọ́ kan, igi àjà já lé mi, egungun itan mi ṣẹ́. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi wà nílé. Ojú ń tì mí pé mò ń gbowó oṣù láìṣiṣẹ́, àwọn kan níbi iṣẹ́ sì ti ń kùn, ni mo bá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́ta. Ara mi ti yá báyìí, mo ń kọ ebè iṣu. Ǹjẹ́ mo lè padà?

ÌDÁHÙN: Òkun o. Ẹ kú ìrora, ẹ sì kú oríire pé ẹ tún ń dá oko. Wọ́n lè gbà yín padà, àmọ́ bí ẹ ṣe jáde ni yóò sọ ọ̀nà tí ẹ máa gbà wọlé.

Ẹni tí ìgbìmọ̀ dókítà bá ní kó máa lọ nítorí àìlera, fáìlì rẹ̀ ń jẹ́rìí pé àìsàn ló mú un lọ. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 tilẹ̀ ro tirẹ̀: bí dókítà bá jẹ́rìí lẹ́yìn náà pé ara rẹ̀ ti dá, tó sì tún ríṣẹ́, ó lè padà sínú ètò náà. Ti ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé yàtọ̀. Lójú fáìlì, ó wù ú ló ṣe lọ. Kò sí òfin tó ní dandan ni kí ìjọba gbà á padà. Ó ní láti bẹ̀bẹ̀ ni, kó sì fi ẹ̀rí gbe ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Ìtìjú tó mú yín kọ̀wé yẹn dùn mí. Ẹ̀tọ́ yín ni owó tí ẹ ń gbà. Ìwé òfin iṣẹ́ ọba ti ìjọba àpapọ̀, èyí tí àwọn ìpínlẹ̀ sábà máa ń wò ṣe tiwọn, sọ pé òṣìṣẹ́ tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́ yóò máa gba owó oṣù rẹ̀ ní kíkún títí ara rẹ̀ yóò fi yá tó lè padà, tàbí títí wọn yóò fi ní kó máa lọ pátápátá nítorí àìlera. Ó yẹ kí ọ̀gá yín ti sọ èyí fún yín lórí ibùsùn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi jókòó ti fáìlì òṣìṣẹ́, àwọn tó nítìjú jù lọ ni mo rí tí wọ́n ń tètè kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀.

Ẹ má dúró de ìgbà tí wọ́n bá ń gba ọmọ tuntun. Ọjọ́ orí tí wọ́n ń kọ sínú ìkéde àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ti ń wọ aṣọ ìjọba, bíi panápaná, báyìí kì í sábà kọjá 30 tàbí 35, ọdún 11 yín yóò sì wọlẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà sí Civil Service Commission, ìgbìmọ̀ tó ń gba òṣìṣẹ́ ọba síṣẹ́, ní Lọ́kọ́ja pé ẹ fẹ́ kí wọ́n gbà yín padà, kí lẹ́tà náà sì gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà panápaná kọjá. Ẹ kọ ọjọ́ tí igi àjà yẹn já, ọjà tó ti ṣẹlẹ̀, ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé yín lọ, kí ẹ sì sọ ọ́ gbangba pé egungun tó ṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ló mú yín kọ̀wé. Bí lẹ́tà tí ẹ fi jáde kò bá mẹ́nu ba èyí, àfi kí ẹ wá ìwé ilé ìwòsàn àti àkọsílẹ̀ ibùdó yín lóru ọjọ́ náà. Ẹ so ìwé ìgbanisíṣẹ́ àti ìwé ìgbéga yín tó kẹ́yìn mọ́ ọn.

Ìwé dókítà ló ṣòro jù níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń mú ìwé onílà kan wá pé ara àwọn ti yá. Ìwé bẹ́ẹ̀ kì í ràn wọ́n lọ́wọ́. Ara tó yá fún ebè lè má tíì yá fún iná. Bí itan bá ń ro yín lóko, ẹ ó lọ jókòó sábẹ́ igi. Lórí àkàbà, tí sílíńdà afẹ́fẹ́ tó lè ju kílò 10 lọ wà lẹ́yìn yín, tí omi sì ń fi agbára ti rọ́bà lọ́wọ́ yín, kò síbi ìjókòó, ẹni tó sì di rọ́bà mú lẹ́yìn yín náà ní aya àti ọmọ nílé. Nítorí náà, ẹ kọ iṣẹ́ náà síwèé kí ẹ tó lọ bá dókítà: gígun àkàbà, wíwọ́ rọ́bà tó kún fómi, gbígbé èèyàn jáde, rírá kòrò nínú èéfín. Kí ó yẹ̀ yín wò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó sì kọ èsì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ mú àwòrán X-ray ti àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí dání. Bí irin bá wà nínú itan yín, ẹ sọ ọ́. Irin tí ẹ bá fi pamọ́, tí wọ́n bá wá rí i, irọ́ ni wọn yóò kọ sí fáìlì yín.

Bí dókítà bá ní ẹ ò lè gun àkàbà mọ́ ńkọ́? Ẹ má torí ìyẹn padà sílé. Ẹnì kan ní láti máa gbé fóònù nígbà tí wọ́n bá pè pé iná ń jó. Ẹnì kan ní láti máa yẹ ilé epo àti ọjà wò láti Kàbà dé Ìsánlú kí iná tó sọ, ẹnì kan sì ní láti máa kọ́ àwọn ọmọ tuntun. Ẹni tó ti paná fún ọdún 11 ló yẹ irú ipò bẹ́ẹ̀ jù, lójú tèmi. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ẹ ó gbà á. Òfin àpapọ̀ lórí àwọn aláìpé ara, tí wọ́n buwọ́ lù ní January 2019, ní kí iléeṣẹ́ ìjọba gba ó kéré tán 5 nínú òṣìṣẹ́ 100 láti inú wọn; bí dókítà bá rí àbùkù tó máa bá yín kalẹ́, ẹ lè tọ́ka sí i.

Kí ẹ tó wọṣẹ́ padà, ẹ gba ìwé tó sọ ipele owó oṣù yín, àti bóyá wọ́n ka ọdún 11 náà kún un. Bí ẹ bá ti ní nọ́ńbà PIN owó ìfẹ̀yìntì tẹ́lẹ̀, òun náà ni ẹ ó máa lò, ẹ má ṣí òmíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà lórí ibùsùn, yálà panápaná ni yín tàbí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ẹ má kọ̀wé kankan. Òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó farapa lẹ́nu iṣẹ́, ti 2010, fún yín ní ọjọ́ 14 láti fi tó agbanisíṣẹ́ létí, àti ọdún kan láti béèrè owó náà. Ẹ rán ọmọ tàbí aya yín lọ bí ẹ ò bá lè rìn.

Ẹ̀yin tí ẹ kọ̀wé láti Ìyàrà, ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà lẹ́tà yín lọ́jọ́ tí ẹ bá fi í sílẹ̀. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá láìsí èsì, ẹ kọ ìránnilétí. Bí wọn kò bá tún fèsì, ẹ gbé ẹ̀dà méjèèjì lọ sọ́dọ̀ Public Complaints Commission, àjọ tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn ará ìlú lórí iléeṣẹ́ ìjọba. Wọn kì í gba kọ́bọ̀.