Mo lè lúwẹ̀ẹ́ nínú púùlù, àmọ́ odò ń bà mí lẹ́rù: kí ni kí n ṣe kí triathlon àkọ́kọ́ mi tó dé?

Ìbéèrè

Kóòṣì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 43 ni mí, báńkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Thamesmead ní London ni mò ń gbé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níbi iṣẹ́ ló tì mí tí mo fi forúkọ sílẹ̀ fún triathlon kékeré: mítà 750 nínú omi, kìlómítà 20 lórí kẹ̀kẹ́, kìlómítà 5 ní eré sísá. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Mo máa ń sáré, mo sì ti ń lúwẹ̀ẹ́ nínú púùlù láti ọdún méjì. Mo lè lọ láti òpin kan dé èkejì nígbà ogójì láì dúró. Ṣùgbọ́n inú odò Thames la ó ti lúwẹ̀ẹ́, ní ìlú kan lókè Teddington. Nígbà tí mo sọ fún màmá mi ní Ìbàdàn, ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Ṣé o ò mọ̀ pé òmùwẹ̀ ní í bómi lọ ni?" Òtútù, ìdọ̀tí, omi tó ń sáré, gbogbo rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. Irun mi tún ńkọ́? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọkàn akin. Ẹ bá mi kí màmá. Ẹni tójú rẹ̀ rí omíyalé Ògùnpa lọ́dún 1980 kì í fi odò àárín ìlú ṣeré, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì sọ yẹn kì í ṣe àwàdà. Ẹni tí kò mọ̀wẹ̀ kì í sún mọ́ etí omi. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló máa ń gbàgbé pé púùlù kọ́ ló wà níwájú òun yìí.

Ẹ ní agbára tó tó. Ìgbà ọgbọ̀n péré nínú púùlù oní-mítà 25 ni mítà 750, ẹ sì ti ń ṣe ogójì. Èémí ló kù: kí ẹ lè máa mí wọ́ọ́rọ́wọ́ nínú omi tó tutù, tí ẹ ò ti ní rí ọwọ́ ara yín, tí kò sì dúró sójú kan. Nítorí náà, mo fẹ́ kí ẹ ná èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá yìí sínú omi. Kẹ̀kẹ́ àti eré sísá á rí ti wọn ṣe.

Omi tútù ní ìwà kan. Bó bá ṣe kan àyà àti ọrùn lójijì, èèyàn á ṣàdédé fa èémí sínú kíkankíkan, láì rò ó tẹ́lẹ̀. Mímí á máa yára, àyà á máa lù kì kì kì. Bí ẹnu bá wà nínú omi lásìkò yẹn, omi lèèyàn máa fà sínú. Ẹni tó lè lúwẹ̀ẹ́ fún wákàtí kan lè kú báyìí kó tó lo ìdá mẹ́wàá agbára rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́: láàárín ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta, ara á rọlẹ̀. Ohun tí àjọ RNLI tó ń gba ẹ̀mí là lójú omi nílẹ̀ yìí ń kọ́ àwọn èèyàn ni pé kí wọ́n má jà. Ẹ dojú sókè, ẹ jẹ́ kí etí yín wọ omi, ẹ máa fi ọwọ́ gbọ̀n omi díẹ̀díẹ̀ títí èémí á fi padà sípò. Ẹ ṣe é nínú púùlù lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ ṣe é títí ẹ ó fi lè yí padà láti ojú-sísàlẹ̀ sí ojú-sókè láì ronú.

Ọ̀rọ̀ ara mi ni mò ń sọ. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ odò, mi ò tíì lọ ju ọgọ́rùn-ún mítà tí àyà fi ń fún mi. Mo rò pé aṣọ ló fún mi lọ́rùn, mo ń fà á bíi pé kí n fà á ya. Ọmọkùnrin kan tó wà nínú ọkọ̀ kayak ló sọ fún mi pé, "Dojú sókè, ṣáà dojú sókè." Ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn náà, mo ń lọ, àní bí ọ̀pọ̀lọ́. Kò sì burú o. Nínú triathlon, irú ìlúwẹ̀ẹ́ tó bá wù yín lẹ lè lò, títí kan èyí tí a fi ń dojú sókè. Ẹ lè di ọkọ̀ kayak mú kí ẹ sinmi, bí kò bá ṣáà ti wọ́ yín lọ síwájú.

Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ máa lọ sínú omi gbayawu lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Royal Docks ló sún mọ́ yín jù, ẹ kàn máa sọdá ní Woolwich ni. West Reservoir wà ní Stoke Newington, Serpentine sì wà ní Hyde Park, níbi tí wọ́n ti lúwẹ̀ẹ́ triathlon Olympics ọdún 2012. Ẹ má ṣe wọ odò tó wà lẹ́yìnkùlé yín o! Láti afárá Putney títí dé Crossness, èyí tó wà nítòsí yín gan-an, òfin àwọn aláṣẹ èbúté London ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lúwẹ̀ẹ́ láì gba ìyọ̀ǹda. Ibẹ̀ ni omi òkun ti ń lọ tó sì ń bọ̀, ọkọ̀ ńlá sì ń gba ibẹ̀ kọjá.

Lókè Teddington, omi òkun kì í dé ibẹ̀. Apá kan ni odò ń ṣàn sí, òjò ló sì ń sọ bó ṣe máa le tó. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ẹ bá ń fi ogún ìṣẹ́jú lúwẹ̀ẹ́ mítà 750 nínú púùlù, ẹ ń lọ ní nǹkan bíi mítà 0.6 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ká ní odò ń ṣàn ní 0.3, tí ìdajì ọ̀nà sì jẹ́ lílọ sókè odò: ìdajì yẹn nìkan á gbà yín tó ogún ìṣẹ́jú, ìdajì tí ẹ bá ń bọ̀ wálẹ̀ á sì gbà yín bí ìṣẹ́jú méje. Ẹni tí kò mọ èyí á rí igi kan létí odò tí kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, á rò pé ó ti rẹ òun, ẹ̀rù á sì dé. Ẹ sún mọ́ etí odò nígbà tí ẹ bá ń lọ sókè, torí pé àárín ni ìṣàn ti máa ń le jù. Nínú Olympics ti Paris lọ́dún 2024, ara ògiri etí odò Seine ni àwọn ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí rọ̀ mọ́ nígbà tí wọ́n ń padà sókè. Bí ẹ bá dé ibi àmì tó léfòó tí ẹ ti fẹ́ sọdá, ẹ kọjá rẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó yà, kí omi má bàa gbé yín kọlù ú. Bí ẹ bá ti ju apá lẹ́ẹ̀mẹ́jọ-mẹ́jọ, ẹ gbé ojú nìkan sókè bí ọ̀nì, ẹ wo nǹkan gíga kan tó wà lẹ́yìn àmì náà, bí ilé tàbí igi. Àmì fúnra rẹ̀ kéré jù fún ẹni tí orí rẹ̀ wà nínú omi.

Ó di ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi odò ni pé: ìgbà wo ni òjò rọ̀ gbẹ̀yìn? Ní ọ̀pọ̀ ìlú àtijọ́, omi òjò àti omi ilé ìgbẹ́ ń gba páìpù kan náà. Bí òjò bá pọ̀, páìpù á kún, ó sì di inú odò. Láti ọdún 1923 ni wọ́n ti fòfin de ìlúwẹ̀ẹ́ nínú Seine. Wọ́n ná nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.4 owó euro kí omi náà lè mọ́ fún Olympics, síbẹ̀ òjò tó rọ̀ níbẹ̀rẹ̀ ìdíje mú kí wọ́n sún triathlon ọkùnrin láti July 30 sí July 31. London náà ti gbẹ́ ihò Tideway, kìlómítà 25 lábẹ́ ilẹ̀, tó ń gba irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìsàlẹ̀ odò ló ń ṣiṣẹ́ fún, kò kan ibi tí ẹ ti fẹ́ lúwẹ̀ẹ́. Thames Water, ilé iṣẹ́ omi, ní àwòrán ilẹ̀ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń fi hàn bí páìpù kan bá ń da ìdọ̀tí sódò lọ́wọ́lọ́wọ́. Àjọ Environment Agency náà máa ń gbé pátákó sí àwọn ibi tí wọ́n ti ń ṣí omi fún ọkọ̀: tí ẹ bá rí yẹ́lò, ẹ ṣọ́ra, tó bá jẹ́ pupa, ìṣàn ti le jù, ẹ padà sílé. Ní tèmi, mi ò kì í ṣe ìdánrawò nínú odò láàárín ọjọ́ méjì lẹ́yìn òjò ńlá.

Ẹ kọ̀wé sí àwọn olùṣètò, ẹ bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n yẹ omi wò, kí ni èsì rẹ̀. Ìlànà World Triathlon, àjọ tó ń darí eré yìí lágbàáyé, fún odò ni pé E. coli, kòkòrò inú ìgbẹ́, kò gbọdọ̀ ju 1,000 lọ nínú mílílítà 100. Bí wọ́n bá ń jẹ ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn. Bí wọ́n bá sì fagi lé ìlúwẹ̀ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, tí wọ́n ní kí ẹ sáré, kí ẹ gun kẹ̀kẹ́, kí ẹ tún sáré, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ẹ fi báńdéèjì tí omi kì í wọ̀ bo gbogbo ojú egbò. Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹ ohunkóhun. Àwọn kan á sọ fún yín pé kí ẹ mu Coca-Cola lẹ́yìn tí ẹ bá jáde, pé ó ń pa kòkòrò inú. Ẹ mu ún bó bá wù yín, adùn ẹnu lásán ni.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ di mú nìyí. Àìsàn kan wà tó ń jẹ́ leptospirosis, inú ìtọ̀ eku ló ti ń wá, ojú egbò, ojú, imú tàbí ẹnu ló sì ń gbà wọlé. Ó sábà máa ń fara hàn láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì: ara gbígbóná, orí fífọ́, ẹran ara ríro, pàápàá ní iṣan ẹsẹ̀. Kí ni ọmọ Yorùbá máa pe ìyẹn? Ibà. Á wá oògùn ibà tó kó wá láti ilé, á gbé e mì. Bí irú rẹ̀ bá ṣe yín lẹ́yìn odò, ẹ lọ rí dókítà kíákíá, ẹ sọ fún un pé ẹ wọ odò àti ọjọ́ tí ẹ wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé, ẹ sọ ìyẹn náà, kó lè yẹ méjèèjì wò.

Irun ńkọ́? Ẹ má di ṣùkú, fìlà kò ní gbà á. Kọ́lẹ́sẹ̀ ni kí ẹ dì, tó wálẹ̀ sí ìpàkọ́. Bó bá jẹ́ pé ẹ so àsomọ́ gígùn mọ́ ọn, ẹ ra fìlà ńlá irú Soul Cap, èyí tí àjọ ìlúwẹ̀ẹ́ àgbáyé kọ̀ lọ́dún 2021, tí wọ́n sì fọwọ́ sí ní 2022. Ẹ wọ ti àwọn olùṣètò lé e lórí, torí àwọ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi ń dá yín mọ̀ nínú omi.

Ẹ má tíì ra wetsuit, ẹ yá a fún oṣù mélòó kan. Aṣọ rọ́bà yẹn ń jẹ́ kéèyàn léfòó, ó sì ń dín òtútù kù, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ fún mọ́ ara. Ẹ wọ̀ ọ́ wọ omi ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ náà, kí ẹ fi vaseline pa ọrùn. Ẹ tún ṣe ìlúwẹ̀ẹ́ díẹ̀ láì wọ̀ ọ́, nítorí pé bí omi bá ti tó 22°C, ìlànà World Triathlon kò gbà yín láyè láti lò ó.

Ní ti kẹ̀kẹ́, ẹ dé akoto, kí ẹ sì de okùn rẹ̀ kí ọwọ́ yín tó kan kẹ̀kẹ́. Ẹ kò gbọdọ̀ tú u títí ẹ ó fi gbé kẹ̀kẹ́ padà kọ́. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ kí ẹ sì sáré fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ á kọ́kọ́ dà bíi ti ẹlòmíràn, ó máa ń lọ.

Lọ́jọ́ náà, ẹ dúró sẹ́yìn, ní ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí wọ́n bá fun fèrè, ẹ jẹ́ kí àwọn oníwàǹwára lọ, ẹ ka ẹyọ kan dé mẹ́wàá, kí ẹ tó tẹ̀ lé wọn. Bí nǹkan kò bá rí bó ṣe yẹ, ẹ dojú sókè, ẹ na ọwọ́ kan sókè, kayak á wá. Bí ẹ bá sì jáwọ́, ní ibikíbi tó bá jẹ́, ẹ má kàn rọra gba ilé lọ. Ẹ wá òṣìṣẹ́ kan, ẹ tú ṣíìpù (chip) tó ń ka àkókò, tí wọ́n so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ yín, fún un, kí àwọn èèyàn má bàa máa wá yín nísàlẹ̀ odò nígbà tí ẹ ti wà nínú bọ́ọ̀sì.