Ọmọ mi ní bí ọkùnrin gidi ṣe ń ṣe nìyẹn

Ìbéèrè: Ọmọ Òmù-Àrán ni mí, Manchester ni a ń gbé. Nígbà tí a lọ kí ẹbí ní Ìlọrin, ìbátan ọkọ mi kan gbá ìyàwó rẹ̀ létí níṣojú gbogbo wa nítorí pé oúnjẹ pẹ́, kò sì sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 16, wá ń sọ fún àbúrò rẹ̀ obìnrin pé bí ọkùnrin gidi ṣe ń ṣe nìyẹn, pé àṣà wa ni. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n sọ fún un?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Ọmọ Ọ̀ffà ni mí, mo sì ń tọ́ ọmọkùnrin méjì ní Leeds. Lójú tèmi, ọmọ yín rí ìgbájú náà, ó sì rí i pé àwọn àgbà ń jẹun lọ lẹ́yìn rẹ̀. Ìdákẹ́ wọn ni ó pè ní àṣà. Kí bàbá rẹ̀ pe ìbátan rẹ̀ lórí fóònù níṣojú ọmọ náà, kí ó sì sọ fún un pé ohun tí ó ṣe kò dára.

Ní ti àṣà, ìjàkadì lorò Ọ̀ffà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kì wá. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ẹni tí ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ agbo ni a ń bá jà, bí ẹ̀yìn ọ̀kan bá sì ti kanlẹ̀, ìjà parí. Èwo ni ó jọ lílu obìnrin tí ó ń gbé oúnjẹ bọ̀? Nígbà tí mo ń sọ èyí fún àwọn ọmọ mi, mo fi ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí kún un: pé mo máa ń gbọ́ igbe ìyá mi lóru, tí n ó fi aṣọ ìbora dí etí, àti pé ẹ̀rù bàbá mi ni ó ń bà mí, kì í ṣe pé mo ń bọ̀wọ̀ fún un. Èyí àkọ́bí béèrè bóyá mo ti lu ìyá wọn rí. Mo dúpẹ́ pé mo lè dáhùn pé rárá láìpurọ́.

Ẹ má fi pamọ́ fún un pé òfin ìjìyà ọ̀daràn tí ìjọba Àríwá Nàìjíríà ṣe, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960, tí Kwara sì jogún, fàyè gba ọkọ láti fi ọwọ́ bá ìyàwó wí bí òfin àti àṣà ìbílẹ̀ wọn bá gbà á, tí kò sì ṣe é léṣe gidigidi. Ẹ sọ fún un pẹ̀lú pé òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015, tí ó de Abuja, sọ lílu ìyàwó di ẹ̀ṣẹ̀, pé Kwara náà ti ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀, àti pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 2021 ka ọmọ tí ó rí irú rẹ̀ láàárín àwọn òbí rẹ̀, tàbí tí ó gbọ́ ọ, mọ́ àwọn tí a ṣe níbi.

Ẹ bá ọmọ yín obìnrin sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, nítorí òun ni wọ́n sọ ọ̀rọ̀ yẹn sí. Kí ẹ sì pe ìyàwó náà ní Ìlọrin. Ó lè jẹ́ pé láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò tíì bi í bí ara rẹ̀ ti rí.