Ṣé ẹ̀fọn tí wọ́n bá fáírọ́ọ̀sì lára rẹ̀ ló ń tàn án kálẹ̀?

Ìbéèrè: Mo kà á pé wọ́n rí fáírọ́ọ̀sì tuntun lára ẹ̀fọn. Báwo ni ẹ̀yin onímọ̀ ṣe ń mọ̀ pé ẹ̀fọn náà ló ń kó o ran èèyàn? Kí ló yẹ kí n máa wò nínú irú ìròyìn bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, nítorí ibi tí àṣìṣe ti máa ń pọ̀ jù lẹ béèrè yìí. Rírí fáírọ́ọ̀sì lára ẹ̀fọn kò tíì tó ẹ̀rí. Bí ẹ̀fọn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ẹ̀jẹ̀ ẹranko tí àìsàn ń ṣe, àyẹ̀wò yóò bá fáírọ́ọ̀sì nínú ikùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ náà ni fáírọ́ọ̀sì ọ̀hún yóò kú sí.

Ohun tí a ń ṣe ni pé a ó fún àwọn ẹ̀fọn ní ẹ̀jẹ̀ tí fáírọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀ mu, a ó sì tọ́jú wọn fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kí fáírọ́ọ̀sì lè ráyè la ògiri ikùn kọjá. Lẹ́yìn náà, a ó fi òtútù mú wọn sùn, a ó yọ ẹsẹ̀ àti ìyẹ́ wọn, a ó sì ki ẹnu wọn tó rí bí abẹ́rẹ́ bọ inú ọ̀pá gíláàsì tín-ínrín kan kí wọ́n lè tu itọ́ sí i. Bí fáírọ́ọ̀sì bá wà nínú ẹsẹ̀, ó ti tàn ká ara ẹ̀fọn. Àfi bó bá wà nínú itọ́ ni a tó lè sọ pé ẹ̀fọn náà lè kó o ranni.

Ìkánjú lórí ọ̀rọ̀ yìí ti pa èèyàn rí. Ní Malaysia, láàárín 1998 sí 1999, wọ́n rò pé Japanese encephalitis, àrùn ọpọlọ tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, ló dé, wọ́n sì ń fín oògùn ẹ̀fọn. Àmọ́ àgbàlagbà tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn aláìsàn, bẹ́ẹ̀ ẹ̀fọn ì bá ti jẹ tọmọdé tàgbà. Ìgbà tí wọ́n fi omi inú ọ̀pá ẹ̀yìn aláìsàn kan sórí sẹ́ẹ̀lì nínú láàbù, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ń yọ́ pọ̀ mọ́ra wọn, ni wọ́n tó mọ̀ pé nǹkan mìíràn ni. Fáírọ́ọ̀sì Nipah ni. Ọ̀dọ̀ àdán tó ń jẹ èso ló ti wá, ó sì gba ara ẹlẹ́dẹ̀ dé ọ̀dọ̀ èèyàn. Èèyàn tó lé ní 100 ló kú níbẹ̀.

Nínú ìròyìn tí ẹ kà, ẹ wò ó bóyá wọ́n mẹ́nu kan itọ́ ẹ̀fọn, àti bóyá wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń gbé àgbègbè náà wò. Bó bá jẹ́ pé inú ẹ̀fọn tí wọ́n lọ̀ pọ̀ nìkan ni wọ́n ti rí i, a jẹ́ pé iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.