Èsì: Wíwọn eré ọkọ̀ òfúrufú tí plasma bò
Ẹ béèrè ọ̀nà tí a fi ń mọ eré ọkọ̀ tó yára ju ìró lọ ní ìlọ́po 5 nígbà tí plasma bá bò ó, ìyẹn afẹ́fẹ́ tó gbóná débi pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù (èérún tíntìntín inú átọ́ọ̀mù) ti já kúrò lára átọ́ọ̀mù rẹ̀. Ìgbì rédíò tó bá ń gbọ̀n lọ́ra ju ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú plasma náà lọ kò lè là á kọjá, nítorí náà GPS, ìgbì rédíò láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì tí a fi ń mọ ibi tí nǹkan wà, tó ń lo nǹkan bíi 1,575 MHz (ìgbọ̀n mílíọ̀nù 1,575 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), lè dákẹ́ pátápátá. Ọkọ̀ á wá gbára lé ẹ̀rọ inú rẹ̀ tó ń ṣírò bí eré ṣe ń lé tàbí dín kù, àmọ́ àṣìṣe kékeré á máa gbèrú. Rédà orí ilẹ̀ nìkan kò tẹ́ mi lọ́rùn: ìgbì rẹ̀ lè ta padà lára plasma tó ń ṣàn, tí eré rẹ̀ kò bá ti ọkọ̀ dọ́gba.