Ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí oògùn

Ìwọ tí o ń bínú pé dókítà kò fún màmá rẹ lóògùn gidi, pé eré ìdárayá ló ní kí wọ́n máa ṣe sí làkúrègbé orúnkún: èmi náà ti bínú irú ẹ̀ rí. Ẹni tí kò lè dìde nílẹ̀ láìdi ògiri mú! Àṣé òótọ́ ni dókítà tèmi sọ fún mi, kò kàn wọ̀n ọ́n bí ẹni wọn oògùn ni. "Ẹ máa rìn dáadáa," ó parí. Èmi alágídí bá fẹsẹ̀ rìn láti Sábó dé Ẹnuwá, mo tún rìn padà. Kó tó di alẹ́, orúnkún ọ̀tún ti wú bíi búrẹ́dì. Mo wá fàbọ̀ sórí oògùn ara ríro tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì, àfi ìgbà tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí.

Ọmọbìnrin físíò kan, àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara, ló tún un ṣe. Kò dárúkọ ìrìn rárá. Ó ní kí n jókòó sórí àga, kí n káwọ́ mọ́ àyà, kí n dìde. Mi ò lè dìde. Ó bá fi tìmùtìmù méjì lé àga kó lè ga sí i, mo bá dìde! Ó kọ ọ́ sínú ìwé fún mi: ìgbà 8, kí n sinmi, ìgbà 8 míì, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Lójoojúmọ́, kí n jókòó, kí n na ẹsẹ̀ kan gbọọrọ, kí n ka ení dé àrún kí n tó sọ ọ́ kalẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó yọ tìmùtìmù kan.

Ó ní eegun rírọ̀ tó wà nínú orúnkún kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀, omi oríkèé ló ń bọ́ ọ, bí a bá sì ń lò ó ni omi yẹn ń ráyè wọlé. Pé tó bá dùn mí díẹ̀, kí n má sá. Tó bá ti rọlẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kò séwu. Bí kò bá rọlẹ̀, mo ti ṣe é jù nìyẹn, kí n dín in kù.

Ọmọ mi tó wà ní London sọ pé ìlànà tí NICE, àjọ tó ń kọ ìlànà ìtọ́jú fún àwọn dókítà lọ́hùn-ún, gbé jáde ní 2022 náà fi eré ìdárayá ṣíwájú oògùn.

Nítorí náà, ẹ padà lọ. Ẹ bèèrè èwo, ìgbà mélòó, ọjọ́ mélòó, àti ìgbà tí wọ́n máa fi kún un. Ṣùgbọ́n bí orúnkún bá pupa, tó ń gbóná, tí ibà wà níbẹ̀, kí wọ́n má ṣe nǹkan kan o, ilé ìwòsàn ni.

Tèmi gba bí oṣù méjì. Àwọn tìmùtìmù ti padà sí pálọ̀. Ti ká sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù ṣì ń dùn mí, mi ò ní purọ́.